Kókó Méjìlá Nínú Imú Ọkọ̀

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ àbúrò mi ra ọkọ̀ oní-fáíbà kékeré kan, ó sì ní kí n wá wò ó ní etí omi lápá Ijala. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Píjìn ló fi ń dá ènìyàn lóhùn, bíi gbogbo ọmọ tí a tọ́ ní Warri. Ó ṣí ìdérí kan nínú ọkọ̀ náà, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí n wò. Wáyà ni mo rí: pupa, dúdú, aláwọ̀ ewé, gbogbo wọn tò lọ gbọọrọ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà, ike tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì dè wọ́n mọ́ ara ọkọ̀. Ó ní, “Ọ́ńkù, put hand feel am. E tight.” Mo ti ọwọ́ mi bọ àpò. Mo ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́ta, mo ti sin òbí mi méjèèjì, mo ti wọ mọ́tò tí kò ní bíréèkì lójú ọ̀nà Warri sí Sapele, síbẹ̀ n kì í fi ọwọ́ yẹ ìdè ẹlòmíràn wò nínú ọkọ̀. Ó rò pé ẹ̀rù iná ló ń bà mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Kò ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn ní ìtàn, ìtàn náà sì ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, kíláàsì tí mo fi ọdún méjì gbáko ṣe nítorí pé olùkọ́ ibẹ̀ fẹ́ràn mi.

Bèbè odò ni ilé wa wà nígbà náà, ilé pákó tó dúró lórí òpó, tí omi máa ń wá kí wa lábẹ́ ilé lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ìlàjẹ ni wá. Bàbá mi ló kó wa wá láti etíkun Oǹdó nítorí ẹja àti ọjà, a sì jókòó sáàárín àwọn Ìṣẹ̀kírì àti Urhobo, tí a ń fi Píjìn kí ara wa lójú omi, tí a sì ń fi Ìlàjẹ bú ara wa nínú ilé. Tí mo bá di ojú báyìí, ariwo ilé yẹn ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́ kí n tó rí ojú ẹnikẹ́ni. Omi tó ń gbá òpó ilé, pọ̀ọ́, pọ̀ọ́. Ọ̀bẹ ìyá mi lórí pátákó, tó ń ha ìpẹ́ ẹja kí oòrùn tó yọ. Igi tútù tó ń sunkún nínú àrò, nítorí orí àrò yẹn ni ẹja wa ti ń gbẹ, àjà tó wà lókè rẹ̀ sì ni púpurú, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí a fi èéfín gbẹ, jókòó sí ní ìṣù ìṣù, dúdú, wọ́n rí roboto bí orí àwọn àgbà tó ń tòògbé. Púpurú àti ọbẹ̀ ata ẹja tútù ni oúnjẹ wa láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ní Sátidé, ìyá mi a ra gààrí lọ́wọ́ àwọn ará Otor-Udu, a ó sì gbádùn ìsinmi kúrò lọ́wọ́ púpurú fún ọjọ́ kan. Lónìí, tí ènìyàn bá gbé púpurú fún mi, omijé á fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi. Nígbà náà, mo máa ń gbàdúrà kí èkúté jẹ ẹ́.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbọ́n omi inú ọkọ̀ dànù láràárọ̀, kí n kó igi wọlé, kí n sì máa ki òwú sí abẹ́rẹ́ onígi fún Ìyá Àgbà tó bá ń so àwọ̀n. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ríran. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí, àwọ̀n á bò ó lẹ́sẹ̀ bí aṣọ ìbora, á sì máa ta kókó kan tẹ̀lé òmíràn láì wò ó. “Ọkọ mi” ló ń pè mí. Tó bá rí ẹni tó ń kánjú lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: “Omi ò níṣẹ́ méjì. Ihò ló ń wá kiri.” Bí mo bá ní mo mọ ohun tó ń sọ nígbà náà, irọ́ ni mo pa.

Àṣà kan wà nílé wa tí mo gbọ́dọ̀ sọ, nítorí òun ló gbé mi dé ibi tí mo ń lọ yìí. A kì í dákẹ́ ta kókó. Ẹni tó ń ta á a máa ka iye rẹ̀ sókè, ẹni tó bá wà nítòsí a sì dáhùn pé ó mú. Oókan. Ó mú. Eéjì. Ó mú. Báyìí ni yóò máa lọ títí àwọ̀n yóò fi tán, ọmọ tó ń ṣeré níta ń gbọ́ ọ, aláìsàn tó wà lórí ẹní ń gbọ́ ọ. Tí ẹnu bá ti kà á, tí etí sì ti gbà á, ó ti parí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ fà á wò mọ́, nítorí ẹni tó bá fà á wò ti pe ẹni tó ta á ní òpùrọ́. Aládùúgbò wa obìnrin kan dán an wò rí, ó fa kókó kan lára àwọ̀n Ìyá Àgbà bí ẹni ń ṣeré, Ìyá Àgbà ò sì dá ìkíni rẹ̀ padà títí ọdún Àjíǹde fi kọjá. Àṣà tó dára ni. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé àwọn tó dá a sílẹ̀ ò rò pé wọ́n lè bí irú mi sínú ilé náà.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ń parí lọ, obìnrin oníṣòwò ẹja kan mú ọ̀rọ̀ wá láti ilé, létíkun Oǹdó. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà, ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, kò lè dá dìde lórí ẹní mọ́. Ó ní kí wọ́n sọ fún àbúrò òun pé tó bá fẹ́ rí òun, kó wá kí òjò tó dé. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Mọ́tò kò dé abúlé náà. Omi gbalasa kan sì wà láàárín àwa àti wọn, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, omi náà á máa ru, kò sí ọlọ́kọ̀ tórí ẹ̀ pé tó máa gbé arúgbó gbabẹ̀ kọjá títí ọdún yóò fi fẹ́ẹ̀ parí. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó gbé àwọ̀n sílẹ̀, kò sì mú un mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan le.

Ọkọ̀ tí a ní, ọkọ̀ pákó ni, ó dàgbà jù mí lọ, ó sì ń jò. Ká lọ sí Ijala ká padà, abọ́ kan ti tó láti fi gbọ́n omi rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú arúgbó, àfi pọ́ǹpù. Bàbá mi ti ra pọ́ǹpù kékeré kan tó ń fi agbára bátìrì fa omi jáde, ó ra fèrè, ó ra iná iwájú, ó sì da gbogbo wọn sínú ọkọ̀ bí ẹni da ẹja sínú agbọ̀n. Wáyà wọn ń wẹ̀ nínú omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Wọ́n lọ́ mọ́ okùn ìdákọ̀ró, wọ́n gba abẹ́ jálá epo kọjá. Ìyá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó fi orúkọ mi pe bàbá mi, ó ní, “Bàbá Dèjì, mi ò ní jẹ́ kí Ìyá wọ ọkọ̀ tí wáyà rẹ̀ rí bí ìfun ẹja.” Bàbá mi ní pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́. Ìyá mi ní ìfun ẹja náà ń ṣiṣẹ́ títí ìgbà tí wọ́n fi la inú ẹja.

Bàbá mi fẹ́ fi hàn án pé kò séwu. Ó mú sípánà kan, ó ní òun fẹ́ fún orí bátìrì le. Sípánà náà kan orí kejì. Iná ta pàà, ó funfun ju ọ̀sán lọ, sípánà fò bọ́ sódò, bàbá mi sì jókòó láì wá àga. Ara orí bátìrì náà jẹ díẹ̀, bí ibi tí èkúté gbé jẹ iṣu. Mo wà lórí àtẹ̀gùn tí mo ń wò ó. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé nǹkan kan ń gbé inú àpótí dúdú yẹn, àti pé kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ẹnì kan tó là á yé mi pé irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kì í pa ẹni tó kàn fi ọwọ́ lásán kàn án, pé irin ni kò gbọdọ̀ so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Wọn ò sọ ọ́ lásìkò. Tàbí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti sá lọ sẹ́yìn ilé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá mi lọ pe Ẹfẹ, ọmọ Urhobo kan tó ń cháàjì bátìrì ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Warri sí Sapele. Ẹfẹ wo inú ọkọ̀, ó mi orí bí dókítà tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó pè, ó ní, “Waya no be snake. Tie am well, e no go bite person.” Ó ní kí bátìrì lọ sí imú ọkọ̀, kó jìnnà sí epo tó wà lẹ́yìn, kí wọ́n fi okùn dè é mọ́ inú àpótí igi kó má baà fò. Kí wáyà gba òkè, lábẹ́ etí ọkọ̀, ibi tí omi ìsàlẹ̀ kò ti lè bá a. Kí wọ́n dè é mọ́ igi ìhà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn igi tó tò bí eegun ìhà nínú rẹ̀, kó má fi ibì kankan rọ̀ dòdò. Bàbá mi fẹ́ fà á le gan-an bí okùn orí àwọ̀n, Ẹfẹ gbá a lọ́wọ́, ó ní ìgbì máa ń tẹ ọkọ̀ pákó síhìn-ín sọ́hùn-ún, wáyà tí kò rọ̀ díẹ̀ á já. Ó ní kí wáyà tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ inú súìṣì, kí omi tó bá gun ara rẹ̀ lè kán sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyá Àgbà tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n túmọ̀ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó ní, “Àwọ̀n náà ni. Àwọ̀n tí kì í mú ẹja ni.” Ó ní kí wọ́n kó wáyà náà wá fún òun.

Ọ̀sán kan ló fi tú wọn. Mo ń wò ó bó ṣe ń fi àtàǹpàkò wá orí wáyà kọ̀ọ̀kan, tó ń yọ ọ́ lábẹ́ èkejì, kò fà, kò já. Kò lè fi àwọ̀ mọ̀ wọ́n, nítorí náà ó mú súùtánà funfun tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀, ó fà á ya tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń wé e mọ́ wáyà iná iwájú. Àdìrẹ àtijọ́ ló wé mọ́ ti pọ́ǹpù, aṣọ tó nípọn, tí ọwọ́ lè mọ̀ láì sí ìmọ́lẹ̀. Kò wé nǹkan kan mọ́ ti fèrè. Ó ní ẹni tó ń pariwo ò nílò àmì. Nígbà tó ṣe tán, wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dùbúlẹ̀ lórí ẹní bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Ìyá mi wò ó, ó lọ bu omi fún un mu. Bàbá mi àti ìyá mi ló dè wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láti ẹ̀yìn dé iwájú, tí wọ́n ń kà á, tí a ń dáhùn. Ó wá ku inú imú ọkọ̀, níbi tí pákó bò mọ́lẹ̀. Igi ìhà méjìlá ló wà níbẹ̀, kókó méjìlá, àti ihò tí kò gba ara àgbàlagbà. Gbogbo ojú ilé yí sí mi.

Mo fi ọwọ́ kan mú tọ́ọ̀ṣì, mo so òwú mọ́ èkejì, mo fi ikùn wọ́ wọlé bí ọ̀nì. Ọ̀dà, ẹja àtijọ́ àti pákó tútù ló ń rùn níbẹ̀. Bátìrì náà wà ní ìpẹ̀kun ihò, Ẹfẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ cháàjì rẹ̀ kún dẹ́nu ni, ó sì ti so wáyà mọ́ orí rẹ̀ níta kó tó fi ọ̀pá ti àpótí rẹ̀ wọlé. Láti ẹnu ihò ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ta oókan, mo kígbe, ohùn mẹ́ta dáhùn láti ìta. Mo ta eéjì. Mo ta á dáadáa o, ẹ má fi ojú yẹpẹrẹ wò mí, Ìyá Àgbà ló kọ́ mi. Mo ta á dé eéje. Igi ìhà kẹjọ ló wá kàn, kò sì ju gígùn apá kan lọ sí àpótí náà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé kan ti hù sí orí rẹ̀ ọ̀tún. Mo dákẹ́, mo sì gbọ́ ọ: ó ń hó, díẹ̀díẹ̀, bí ìkòkò tó ń ro ohun tó fẹ́ ṣe. Mo wò ó. Ó wò mí. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sí abíyá, mo sì kígbe pé, “Ẹẹ́jọ.”

“Ó mú,” ni wọ́n dáhùn.

Bó ṣe rọrùn tó ló yà mí lẹ́nu. Mo ti ń retí pé ohùn mi á já mi sílẹ̀, pé ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ á kọ̀ ọ́. Kò sí. N kò sì kánjú, mo fi àlàfo tó yẹ sí i, mo tilẹ̀ ń mí hẹlẹ bí ẹni tí iṣẹ́ ń bò mọ́lẹ̀. Ẹẹ́sàn-án. Ẹẹ́wàá. Oókànlá. Eéjìlá. Mo fi ẹ̀yìn wọ́ jáde, bàbá mi gbá mi lẹ́jìká, ó ní ọkùnrin ti dé ilé òun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi gbé orí ọ̀bọ̀kún fún mi, orí tó jẹ́ ti bàbá mi láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Mo jẹ ẹ́. Eegun rẹ̀ há mi lọ́fun, mo rò pé ìdájọ́ ti dé, Ìyá Àgbà fún mi ní òkèlè púpurú kan, eegun náà sì wọlé lọ. Ìdájọ́ kò dé. Èyí ló tún bà mí lẹ́rù ju bátìrì lọ.

Ọjọ́ méjì ló wà láàárín kí a tó lọ, nítorí ọjọ́ Ìsinmi àti nítorí ẹrù. Láràárọ̀ ọjọ́ méjèèjì ni mo sọ̀kalẹ̀ lọ gbọ́n omi inú ọkọ̀, ihò náà sì ṣí sílẹ̀ níwájú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni mo rántí pé wọ́n ń pè mí nínú ilé. Ẹnikẹ́ni ò pè mí.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun la gbéra, bàbá mi, Ìyá Àgbà àti èmi. Ìyá mi dúró ti ẹja tó wà lórí iná, ó sì dúró lórí àtẹ̀gùn títí a fi yí kọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà jókòó síwájú, ó fi ẹ̀yìn ti imú ọkọ̀, ìyẹn ni pé ó fi ẹ̀yìn ti irọ́ mi gan-an. Bàbá mi wà lẹ́yìn nídìí ẹ́ńjìnnì. Èmi wà láàárín, mo bọ́ bàtà. Lábẹ́ ariwo ẹ́ńjìnnì, ènìyàn kò lè fi etí gbọ́ pọ́ǹpù, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ni mo fi ń gbọ́ ọ, ó ń gbọ̀n gìrìgìrì lára pákó bí ọkàn adìyẹ. A kọjá àwọn ilé, a kọjá ibi tí igi etí omi ti pàdé lókè orí wa, a jẹ púpurú àti ẹja gbígbẹ, Ìyá Àgbà ń dárúkọ àwọn odò kéékèèké tí a ń kọjá láì rí wọn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ìgbà tí oòrùn wà lágbedeméjì ọ̀run ni omi fẹjú lójijì, ìgbì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wa sókè tó ń jù wá sílẹ̀. Bàbá mi ti ti ìdákọ̀ró sínú ihò imú ọkọ̀. Mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún níbẹ̀, irin mẹ́rin tó tẹ̀ bí ìkọ́, àti wáyà tó rọ̀ dòdò níwájú rẹ̀.

Àtẹ́lẹsẹ̀ mi dákẹ́. Èmi nìkan ló mọ̀, nítorí èmi nìkan ló ti ń dúró dè é láti àárọ̀.

N kò sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ rẹ̀ báyìí tí mo ti dàgbà: mo wo ojú ọ̀run, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹyẹ. Omi bo pákó ìsàlẹ̀. Ìyá Àgbà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó gbé wọn lé orí ẹrù rẹ̀. Bàbá mi ló wá rí i. Ó tẹ súìṣì, ó tún un tẹ̀, ó ju abọ́ sí mi, mo sì ń gbọ́n omi bí ẹni tí wọ́n ń lé, ṣùgbọ́n ìgbì ń dá a padà ju bí mo ṣe ń dà á lọ. Bàbá mi wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Lápá òkun, ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú. A ó padà. Tí a bá ti tún un ṣe, a ó tún wá.” Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la mọ̀ pé kò ní sí àtúnwá, pé òjò náà ló ń bọ̀ yẹn. Ìyá Àgbà tún gèlè rẹ̀ wé. Ó yíjú wo iwájú, ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà, ibi tí ojú rẹ̀ kò lè dé, kò sì bẹ̀bẹ̀, kò sì bínú. Ká ní ó sunkún ni, bóyá ǹ bá lè fara dà á.

Mo ní, “Bàbá, kókó márùn-ún ò sí níbẹ̀.”

“Níbo?”

“Nínú imú ọkọ̀. Mo kà á ni. Mi ò ta á.”

Mo ń retí ìgbájú, ìgbájú ì bá sì dùn mọ́ mi. Bàbá mi dín ohùn ẹ́ńjìnnì kù. Ó wá síwájú, ó na apá sínú ihò, ó fa ìdákọ̀ró jáde, ó padà sídìí ẹ́ńjìnnì, ó pa súìṣì, ó sì dojú ọkọ̀ kọ ìgbì. Gbogbo ohun tó sọ ni pé, “Wọlé.” Kí n tó wá òwú, Ìyá Àgbà ti ń na òwú sí mi, ó ti yọ ọ́ láti ìsàlẹ̀ ẹrù rẹ̀, ó ti gé e sí márùn-ún.

Tọ́ọ̀ṣì bọ́ sómi kí n tó dé igi ìhà kẹta. Inú òkùnkùn ni mo gbé ń lọ, omi dé ìgbáàyà mi, ọkọ̀ ń gbé mi lu òkè, ó ń gbé mi lu ilẹ̀. Mo tọ̀ sára. Omi inú ọkọ̀ ti pọ̀ débi pé kò sí ẹni tó lè mọ èyí tí mo fi kún un, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn. Mo fi ọwọ́ wá wáyà, mo kan aṣọ tó nípọn, mo mọ̀ pé ti pọ́ǹpù ni. Mo tẹ̀ lé e dé orí rẹ̀. Ìdákọ̀ró ti fà á kúrò lórí bátìrì, ó ń rọ̀. Kò sí ọ̀nà míràn, àfi kí n fi ọwọ́ ara mi dá a padà sórí nǹkan yẹn. Mo di ojú nínú òkùnkùn, bí ẹni pé òkùnkùn náà ò tó, mo ka àdúrà kan débi tí mo mọ̀ ọ́n mọ, mo sì fi ọwọ́ kàn án.

Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó tutù. Irin lásán ni. Títí dòní, ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Mo yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ le pẹ̀lú ìka, mo gbé wáyà lọ sókè, mo jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀ bí Ẹfẹ ṣe wí, mo sì ta kókó náà. “Ẹẹ́jọ.” Ohùn kan ṣoṣo ló dáhùn, ohùn Ìyá Àgbà, ó sún mọ́ etí mi, ní ìhà kejì pákó. Ó mú. Mo ta ẹẹ́sàn-án, òun nìkan. Mo ta ẹẹ́wàá, òun nìkan. Bàbá mi kò dáhùn oókànlá pàápàá. Nígbà tí mo kígbe eéjìlá, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbẹ, ó pẹ́ díẹ̀ sí ti ìyá rẹ̀: “Ó mú.” Ó tan súìṣì, pákó tó wà lábẹ́ ikùn mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a gúnlẹ̀. Wọ́n ti gbé ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà jáde sórí pẹpẹ iwájú ilé, wọ́n fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn, ó kéré bí ọmọdé. Ẹnikẹ́ni ò sunkún. Ó ní, “O pẹ́.” Ìyá Àgbà ní okùn kan ló tú lójú ọ̀nà, àwọn dúró ta á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè ẹni tó ta á. Ìyá Àgbà fà mí síwájú, aṣọ mi ń kán tótó, ó ní, “Ọkọ mi nìyí.” Arúgbó náà fi ọwọ́ pa mí lójú, pa mí nímú, ó ní mo jọ àwọn ará ilé àwọn. Ìyá Àgbà kò sọ ìyókù, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú.

Ọjọ́ mẹ́ta la lò níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, bàbá mi kó ẹrù sọ́kọ̀, ó ní kí n lọ pe Ìyá Àgbà. Mo bá a lórí pẹpẹ, àwọ̀n ti bo òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ẹnì kan ń kà, ẹnì kejì ń dáhùn. Ó ní kí n sọ fún bàbá mi pé òun ò lọ mọ́. Mo dúró síbẹ̀, n kò lè kúrò. Ó wá ní, láì gbé ojú sókè, “Láti ẹẹ́jọ ni ohùn rẹ ti yí.”

Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń dáhùn pé ó mú.

“Mo rò pé wàá padà lọ ta á ni,” ló wí. “Ọjọ́ méjì ni mo fi ń fetí sí ọ.”

Òjò dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rí òpin òjò náà, Ìyá Àgbà kò sì padà sí Warri mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kókó náà ti ẹnu bàbá mi dé etí ìyá mi àti àwọn àbúrò mi, wọ́n ní ìfẹ́ ni, pé n kò fẹ́ kí Ìyá Àgbà lọ ni n kò fi ta kókó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń sọ ọ́ níbi ayẹyẹ, wọ́n á máa wò mí tàánútàánú, wọ́n á sì fi ẹran kún tèmi. Mo ti jẹ ẹran yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irọ́ ni. Ẹ̀rù bátìrì ló bà mí, kò sí nǹkan míràn níbẹ̀. Ìfẹ́ dé lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí kò wúlò mọ́.

Nígbà tí a ń padà lọ, imú ọkọ̀ ga sókè, nítorí ẹ́ńjìnnì àti epo wúwo lẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó jókòó síwájú. Bàbá mi kó àpò àgbọn méjì síbẹ̀. Ó wò ó, ó ní kò tíì dọ́gba, kí èmi náà lọ jókòó lé e. Mo lọ jókòó lé e. Ó tún wò ó, ó mi orí, ó sì tan ẹ́ńjìnnì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé Warri, imú ọkọ̀ ga sókè, gbogbo kókó tó wà nínú rẹ̀ mú.